Orí Kẹta: Bí a Ṣe ń Kọ Igi Ìbílẹ̀ Ayétẹ̀ Sílẹ̀ Lórí Máàpù

Kí ẹ tó yọ téèpù jáde nínú àpò, ẹ wá àgbà ọdẹ kan, kí ẹ bá a jókòó. Ní Ayétẹ̀, iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Iwájú ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé lórí orúnkún àti bírò lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi í. Igi wo ni ó mọ̀ nígbà èwe rẹ̀ tí kò rí mọ́? Ibo ni iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í dé? Odò wo ni omi kì í tán nínú rẹ̀ títí òjò tuntun fi ń dé? Nígbà tó bá fi máa dáhùn tán, ìdajì máàpù yín ti wà nílẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé fóònù àti sátẹ́láìtì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo ti bá ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ń sá bá. Irinṣẹ́ tó dára ni wọ́n, a ó sì lò wọ́n nínú orí yìí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni sátẹ́láìtì ń rí. Kò mọ orúkọ, kò mọ igi tí wọ́n ti gé lọ, kò sì mọ ìdí tí igi kan ṣoṣo fi dá dúró láàárín oko ẹ̀gẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi àdá kàn án.

Irú ilẹ̀ tí ẹ ń wọ̀

Ayétẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òun, Tápà àti Ìgàngàn ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dàn tí igbó ń dúró dè ni: ibi tí àdá àti iná bá ti kúrò fún ọdún mélòó kan, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í bo koríko mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè wà lókè láàárín emi, igi irú, apá àti àyìn, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìhà odò, kí ẹ sì bá ìrókò, àràbà àti ọ̀pẹ.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí iṣẹ́ yìí, igbó tí ààlà rẹ̀ ti hàn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá ti lọ sí Lekki ní Èkó, níbi tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń tọ́jú hẹ́kítà 78 lẹ́bàá ọ̀sà láti 1990, á mọ irú ibi bẹ́ẹ̀: ẹnubodè wà, afárá igi wà, òṣìṣẹ́ wà tó mọ ibi tí ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó pin sí. Lọ́dọ̀ wa, igbó ọba wà lóòótọ́, bíi ti Ìgàngàn àti ti Láńlátẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọgbà tó yí wọn ká, oko àti ẹran ọ̀sìn sì ti wọ ibi púpọ̀ nínú igbó ọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú igi ìbílẹ̀ ti fọ́n ká. Ẹ máa bá a létí odò, ní orí àpáta tí ọkọ́ kò lè ro, nínú igbó òrìṣà, àti láàárín oko níbi tí emi àti igi irú dúró sí nítorí pé àwọn ìyá ilé kò gbà kí wọ́n gé wọn. Ibi mẹ́rin wọ̀nyí ni iṣẹ́ yín. Kò sí èyí tó tóbi, kò sì sí èyí tí kò lẹ́ni tó ni ín.

Àṣẹ

Ẹni tó bá na téèpù lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, sọ́fè ni àwọn ènìyàn gbà pé ó ń ṣe, wọ́n sì ti mọ̀ pé títà ilẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé sọ́fè. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, mo so aṣọ pupa mọ́ igi méjìlá lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́ kan láìsọ fún olóko. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo aṣọ náà ti di àwátì. Bàbá olóko dúró láàárín oko rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ojú rẹ̀ le. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, ó gbọ́. Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó gbà kí a tún wọ ibẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ilẹ̀ náà ni ogún tó ní, kò sì sí ẹni tó yẹ kó máa so àmì mọ́ ogún ẹni lẹ́yìn ẹni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dé ààfin Aṣáwo, ọba Ayétẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ abúlé tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó wá kan olóko gan-an. Bí màlúù bá ń jẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ kí àwọn Fúlàní ní gáà wọn. Ẹni tó ń da ẹran mọ ibi tí koríko ti ń kọ́kọ́ rú lẹ́yìn iná, ó sì mọ igi tí ẹran ń jẹ ewé rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Bó bá jẹ́ igbó ọba, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, kó máa wà lára yín lójoojúmọ́.

Igbó òrìṣà gba ìṣọ́ra ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni igi tó dàgbà jù sábà máa ń wà. Gbogbo ayé ló mọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi sínú ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn kéékèèké tó wà káàkiri Ìbàràpá kò ní orúkọ nínú ìwé kankan, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe: wọ́n ń pa irúgbìn mọ́. Bó bá jẹ́ igbó orò, obìnrin kì í wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe mú àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ yín débẹ̀, ẹ má sì bá àgbà jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ bẹ àwọn tó ni igbó náà kí ẹnì kan bá yín rìn yí i po lóde, kí fóònù máa gba ipasẹ̀ yín sílẹ̀. Ààlà yẹn ti tó. Inú rẹ̀, ẹ kùn ún ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ẹ kọ "igbó òrìṣà" sí i, ẹ dúró síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì. Àwọn onígẹdú náà ń ka máàpù. Bí ẹ bá kọ ibi tí apá ńlá kan wà sílẹ̀ pérépéré, tí ìwé náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgégi, ẹ ti júwe ọ̀nà fún un. Ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn aráàlú lè ní ojú ibi gan-an. Èyí tó ń lọ síta, ẹ jẹ́ kó mọ ní agbègbè kìlómítà kan.

Orúkọ igi

Ọ̀rọ̀ tó wáyé láàárín èmi àti ọdẹ kan nìyí, nígbà tí a ń ti orí òkè bọ̀ wá sí odò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe igi yìí?"

"Ọ̀gánwó ni, ọmọ mi."

A rìn títí a fi dé etí omi. Igi mìíràn wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Èyí ńkọ́, Bàbá?"

"Ọ̀gánwó náà ni. Ṣùgbọ́n ti odò nìyẹn. Kì í gba iná mọ́ra."

Ẹni tó bá kàn kọ "ọ̀gánwó méjì" sínú ìwé rẹ̀ ti pàdánù nǹkan. Àwọn onímọ̀ ewéko ya ọ̀gánwó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Khaya senegalensis ni ti ọ̀dàn, Khaya grandifoliola ni ti etí odò àti igbó tí kò rin jù, Khaya ivorensis sì ni ti igbó kìjikìji ní ìhà gúúsù, níbi tí òjò ti pọ̀. Bàbá yẹn kò nílò èdè Látìn. Ó fi ibi tí igi wà àti ohun tí iná ń ṣe fún un ya méjèèjì sọ́tọ̀, ohun tí máàpù ewéko sì ń wá gan-an nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá orúkọ nìkan kọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ tẹ̀ lé e, bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó kọ èyí tí ẹ̀yin mọ̀.

Orúkọ kan lè jẹ́ ti igi mẹ́ta; ewéko kan náà sì lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta láàárín Igbó-Ọrà àti Ìgàngàn. Ewé tí ẹnì kan ń pè ní Akíntọ́lá ni ẹlòmíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ìwé méjì ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín: èyí tí Z. O. Gbile ṣe ní 1984 lórí orúkọ Yorùbá tí àwọn ewéko ń jẹ́, àti Trees of Nigeria tí R. W. J. Keay tẹ̀ jáde ní 1989. Bí orúkọ bá rú yín lójú lẹ́yìn ìwé méjèèjì, ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé, tó bá sì ṣe é ṣe, kó ní òdòdó tàbí èso. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ìwé ìròyìn, ẹ fi pákó méjì dì í mọ́ra, ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ lásìkò òjò kó má baà bu. Ẹ lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn tó ń sọ ọjọ́, ibi, orúkọ tí wọ́n pè é, bí igi náà ṣe ga tó, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀ nígbà tó ṣì tútù, nítorí àwọ̀ yẹn á ti ṣá kó tó dé Ìbàdàn. Ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ tó wà lọ́dọ̀ FRIN, àjọ tó ń ṣe ìwádìí igbó, ní Jericho ní Ìbàdàn ni ẹ ó gbé e lọ, tàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ ya igi ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Dóńgóyárò, mẹ́línà, tíìkì àti mángòrò, láti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti wá. Kajú àti ewé Akíntọ́lá, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ti rí àwọn tó ń fò wọ́n dá nígbà tí wọ́n bá ń kà, wọ́n ní igi ìbílẹ̀ ni wọ́n wá kà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ wọ́n, ẹ fi àmì sí wọn. Mángòrò arúgbó mẹ́rin lórí ìlà kan nínú igbó ń sọ pé abúlé ti wà níbẹ̀ rí, pé igbó tó yí wọn ká kò ju ọjọ́ orí àhoro náà lọ. Ẹni tí kò kọ mángòrò yẹn á pe igbó ọmọdé ní igbó ìwáṣẹ̀.

Láti ojú sánmà

Nísinsìnyí ẹ lè ṣí kọ̀ǹpútà. Sátẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé láti 1972. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ohun tó kéré jù tó lè fi hàn sì jẹ́ mítà 10 sí 10. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán méjèèjì, ọ̀fẹ́ náà ni QGIS tí a fi ń ya máàpù.

Oṣù tí ẹ bá mú ló máa sọ ohun tí ẹ ó rí. Ti oṣù keje kò wúlò: ìkùukùu bò ó, ibi tí kò bò sì jẹ́ àwọ̀ ewé láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ẹ mú méjì, ọ̀kan ní oṣù kọkànlá kí iná tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní oṣù kejì nígbà tí koríko ti gbẹ tàbí tó ti jó. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó ṣì tutù ní oṣù kejì ni ẹ ń wá: ìlà tín-ín-rín tó tẹ̀ lé odò, ojú ibi roboto kan tó lè jẹ́ igbó òrìṣà, ẹsẹ̀ àpáta tí omi ń sun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mángòrò àti kajú kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn, láti òkè wọ́n sì jọ igbó. Gbogbo ibi tútù tí ẹ bá yà lórí kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí ẹ tó fún un lórúkọ.

Bí ẹ bá rí máàpù ìjọba àtijọ́ lórí bébà, irú èyí tí sẹ̀ǹtímítà méjì rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan, ìṣúra ni. Orúkọ odò àti ti abúlé tó ti tú wà lórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìwọ̀n Minna ni wọ́n fi ṣe é, fóònù yín sì ń lo WGS 84. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan lé èkejì láìtún un ṣe, odò á yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 100. Igbó etí odò tí ẹ ń yà lè má fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. QGIS máa ń tún un ṣe bí ẹ bá sọ fún un. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo rẹ̀ wà ní UTM 31 Àríwá.

Máàpù ewéko tó kárí Nàìjíríà náà wà, tí wọ́n ṣe láti inú àwòrán rádà tí ọkọ̀ òfuurufú yà ní 1976 sí 1978, wọ́n sì tún ṣe irú rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990. Wọ́n dára fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ìpínlẹ̀ kan ṣe yí padà. Igbó òrìṣà tí kò ju pílọ́ọ̀tì mẹ́wàá lọ kò lè hàn lórí wọn, irú ìyẹn sì ni tiwa.

Orí ilẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ̀yin mẹ́rin tó: ẹni tó ń kọ̀wé, ẹni tó ń wọn igi, ẹni tó ń di okùn mú, àti ẹni tó mọ orúkọ. Ẹni ìkẹrin yìí, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹ ti ń san tàwọn yòókù, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí máàpù bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ní etí odò àti lórí àpáta, ẹ ya ojú ilẹ̀ mítà 20 sí 20. Kí igun rẹ̀ lè gún, ẹ lo okùn mítà 12 tí ẹ ta kókó sí ní mítà 3 àti ní mítà 7. Bí ẹ bá fà á di igun mẹ́ta tí apá rẹ̀ jẹ́ 3, 4 àti 5, igun tó gún ni yóò bọ́ sí. Bírìkìlà tó bá wà nítòsí mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ bi í. Ẹ gé ọ̀pá kan tó ga ní mítà 1.3. Níbi tí orí ọ̀pá yìí bá dé lára igi ni ẹ ó ti wọn ìyíká rẹ̀, téèpù télọ̀ sì tó fún un. Igi tí ìyíká rẹ̀ bá pé sẹ̀ǹtímítà 31 ni kí ẹ kọ. Ìyẹn ni pé ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bí ilẹ̀ bá dagun, ìhà òkè ni kí ẹ gbé ọ̀pá sí. Àràbà tó ní ìyẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lókè ibi tí ìyẹ́ náà pin sí. Igi tó là sí méjì nísàlẹ̀ ọ̀pá, ẹ wọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Irú ojú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 25 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Bí ẹ bá ka àyìn méje nínú ọ̀kan, 175 ni yóò jẹ́ fún hẹ́kítà kan, bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà. Kì í rí bákan náà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú ilẹ̀ kan ṣoṣo dájọ́. Márùn-ún fún irú igbó kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fẹ́, kí a sì ti mú ibi tí a ó yà wọ́n sí látorí máàpù kí a tó kúrò nílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ á gbé wa lọ sí ibi tó rọrùn láti rìn. Ní igun kan nínú ojú ilẹ̀ náà, ẹ ya mítà 5 sí 5, kí ẹ ka àwọn ọmọ igi tó wà níbẹ̀. Ìrókò ńlá tí kò ní ọmọ kankan lábẹ́ rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìtàn rẹ̀, bó ti wù kó ga tó.

Ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ nínú oko. Emi àti igi irú jìnnà síra wọn, ẹ lè ya mítà 20 sí 20 mẹ́wàá kí ẹ má bá ẹyọ kan. Níbẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn kìlómítà kan lórí ìlà tó gún, kí ẹ ka gbogbo igi tó wà ní mítà 25 lápá ọ̀tún àti 25 lápá òsì. Hẹ́kítà márùn-ún ni ẹ kà yẹn. Ẹ jẹ́ kí obìnrin tó ń ṣe irú tàbí òrí wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ náà. Wọ́n mọ igi wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń so lọ́dọọdún, èyí tó ń so lọ́dún kan tó ń sinmi lọ́dún kejì, èyí tí àfòmọ́ ti fẹ́ pa.

Mo wá kan ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kọ, tó sì jẹ́ pé òun ni mo kà sí jù. Ẹ kọ kùkùté. Ẹ wọn ìyíká rẹ̀, ẹ bi ẹni tó mọ orúkọ pé igi kí ni, ẹ wò ó bóyá àáké ni wọ́n fi gé e tàbí ẹ̀rọ: ti ẹ̀rọ máa ń tẹ́jú, ti àáké máa ń rí jágajàga. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti sun èédú, ojú ilẹ̀ dúdú roboto tí koríko kì í tètè hù sí. Èédú Ìbàràpá àti ti Òkè-Ògùn ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, igi tó le tó sì ń pẹ́ nínú iná ni wọ́n ń fẹ́ jù. Máàpù tó kàn ń fi igi tó dúró hàn ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Bí kùkùté apá bá jẹ́ mẹ́fà, tí èyí tó dúró jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ti ní ohun tí ẹ ó gbé lọ síwájú ìjọba. Àkókò náà tó, nítorí pé nínú ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tó wáyé ní Panama ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n fi apá àti ọ̀gánwó ilẹ̀ Áfíríkà sínú àkójọ igi tí a kò gbọdọ̀ tà kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Wọn kò lè fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ bó ti yẹ láìmọ iye igi tó kù, iye yẹn sì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tó lọ kà á wá.

Iná

Láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, lẹ́bàá odò Ògùn, ni igbó ọba Olókèméjì wà. Ọdún 1899 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn igbó ọba tó lọ́jọ́ lórí jù ní Nàìjíríà ni. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó ya ojú ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan, wọ́n ń dáná sun ún lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì kù nínú koríko. Ìkejì, wọ́n ń sun ún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ bí ìṣáná. Ìkẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Ìran òṣìṣẹ́ kan fi í lé òmíràn lọ́wọ́. Ibi tí iná kò dé di igbó, igi rẹ̀ fi orí kan orí, koríko rẹ̀ kú. Ibi tí wọ́n ti ń sun ún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣí sílẹ̀ jù, igi tó lè fara da iná nìkan ló kù níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ wà láàárín méjèèjì, igi rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ.

Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, igbó mẹ́ta. Nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, inú mi máa ń dùn pé lágbègbè wa níbí ni wọ́n ti rí èyí dájú, tí àwọn onímọ̀ láti ibi gbogbo sì ń tọ́ka sí i. Ohun tó sọ fún ayàmáàpù kò ṣòro: ẹ má ṣe kọ irú ewéko láìkọ iná rẹ̀. Ní ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo èépo igi kí ẹ wọn bí dúdú iná ṣe gòkè tó. Dúdú tí kò kọjá orúnkún, iná tó rọra kọjá ni. Èyí tó kọjá orí ènìyàn, iná tó le ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bi ọdẹ nípa oṣù tó jó, nítorí pé àwọn ọdẹ mọ̀. Lórí máàpù, ẹ fi ìlà wínníwínní hàn ibi tó ń jó lọ́dọọdún, ẹ fi ìlà gbòòrò hàn ibi tó ń jó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí kì í jó kò ní ìlà kankan. Bí ẹ bá rí igbó etí odò tí dúdú iná ti wọ inú rẹ̀, ẹ yí i ká pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Ọ̀gánwó odò tí Bàbá sọ pé kì í gba iná mọ́ra, ibẹ̀ ló wà.

Máàpù délé

Ẹ tẹ̀ ẹ́ tóbi, bí tábìlì oúnjẹ, kí arúgbó lè rí i láìlo gíláàsì. Yorùbá ni kí gbogbo àlàyé ara rẹ̀ jẹ́: etí odò, ọ̀dàn, orí àpáta, igbó òrìṣà, oko, àhoro. Kí orúkọ odò kéékèèké wà níbẹ̀, nítorí òun ni àwọn ènìyàn á fi mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ gbé ti àkọ́kọ́ lọ sí ààfin, ẹ jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀. Èkejì, ẹ gbé e lọ sí ọjà, kí ẹ fún àwọn ènìyàn ní bírò láti fi tún un ṣe.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá kan tó ń ta irú tẹ̀ lórí máàpù wa, ó fi ìka tẹ̀ lé odò títí, ó dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, igi irú mẹ́ta mi dà?"

"Mọ̀mọ́ mi, ẹyọ kan la bá níbẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Nígbà wo ni ẹ lọ?"

"Oṣù kejì ni, Mọ̀mọ́."

"Nígbà ìkórè tó kọjá, mẹ́ta ni mo ká."

A padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a sì bá kùkùté méjì lábẹ́ ewé Akíntọ́lá. A ti kọjá lẹ́bàá wọn láìrí wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣí ewé yẹn pẹ̀lú ọ̀pá níbi tó bá ti ṣù, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù láti orí ilẹ̀, kí ẹ lè padà wá wo ohun tó yí padà. Kí ẹ tó kúrò ní ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kan irin rọ́ọ̀dù kan wọlẹ̀ ní igun tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, kó wọlẹ̀ dáadáa, kí ó má ṣe gún ẹran tàbí ọmọ lẹ́sẹ̀. Bí olóko bá ní òun kò fẹ́ irin, ẹ fi òkúta ńlá tàbí igi tó ti wà níbẹ̀ ṣe àmì. Ẹ dúró lórí rẹ̀, ẹ ya fọ́tò mẹ́rin, ọ̀kan sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ wákàtí. Kí ẹni tó di okùn mú jẹ́ ọ̀dọ́ abúlé náà, kí ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan irin náà, kó sì ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, lóṣù kan náà, òun ni yóò mú ẹni tó bá wá débẹ̀.